Ọjọ́ Tí Agbẹ̀bí Ṣíwájú

Ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ náà ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni kì í bá wọn jiyàn lé lórí. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹnìkan ni yóò ṣíwájú títí di ìrọ̀lẹ́, ojú olúkúlùkù yóò sì wà lára táyà ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ya aṣíwájú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí aṣíwájú bá fi lè sọ̀kalẹ̀ wọ mọ́tò tó ń kó ẹrù wọn bọ̀ lẹ́yìn, ipò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ọjọ́ kẹta ìrìn àjò wọn ló kan Màmá Agbẹ̀bí, ọjọ́ náà gan-an ni wọn yóò sì gun òkè tó lọ sí ìlú àtijọ́ olódi.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, òṣìṣẹ́ báǹkì, ti jí ṣáájú rẹ̀. Nínú yàrá tí àwọn méjèèjì sùn sí, ó ń ká aṣọ, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ìyá rẹ̀ tó ń fi ìpara ra orúnkún.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, tá a bá dé ìdí òkè, ẹ wọ mọ́tò. Ẹ kì í ṣe ọmọdé mọ́."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ ṣe ọmọdé? Olórí ni mo fẹ́ ṣe."

Láti ìgbà tí Màmá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni gbogbo ilé ti ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀: wọ́n gba ìgbálẹ̀, wọ́n gba korobá, wọ́n ní kó máa sinmi. Ìfẹ́ ni, ó mọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀bí ọmọ tó lè kún ilé ìwé, ṣé ó yẹ kí wọ́n máa gbé e bí ẹni gbé ẹyin? Bí ó bá lè kó àwọn èèyàn yìí dé ẹnubodè orí òkè láìwọ mọ́tò, bóyá ọmọ rẹ̀ yóò yé fi ohùn tí à ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ bá a sọ̀rọ̀.

Wọ́n gbéra. Ọ̀nà náà gba àárín pápá tí odi òkúta kúkúrú pín sí méjì, ó gba orí afárá àtijọ́ tí ẹsẹ̀ ará ìgbà pípẹ́ ti tẹ̀ títí ó fi ń dán. Olùkọ́ kan wà láàrin wọn tí wọ́n ń pè ní Ìjì nítorí eré sísá. Ara rẹ̀ kò gbà á lẹ́yìn Màmá.

"Màmá," ó ní, "ìgbín kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yà wá sílẹ̀. Ó ní kí n kí yín."

"Bá mi kí i. Sọ fún un pé a ó bá a níbi tó bá ti ń sinmi."

Nígbà tí oòrùn gòkè, ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n. Ó rí ahoro ilé olókùúta kan lápá ọ̀tún, ó sì rọra ya kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà tóóró tó lọ sẹ́yìn rẹ̀. Ó ti gbàgbé pé òun kọ́ ni èrò ẹ̀yìn lónìí. Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ tó yíjú padà, gbogbo wọn ló bá lórí ìlà, láti orí Ìjì dé ẹni ìkẹyìn, wọ́n dé akoto, wọ́n ń wò ó bí ọmọ ilé ìwé tó ń retí ẹ̀kọ́ ìtàn.

"Màmá, ààfin ọba wo nìyí?" Ìjì béèrè.

"Ààfin tèmi ni. Ẹ yí padà, ẹ kọjú sọ́nà."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Ìjì ṣubú. Ọmọ Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì í ju ìyá rẹ̀ lọ.

Ìdádúró yẹn jẹ́ kí oòrùn ká wọn mọ́ ìdí òkè. Dírẹ́bà ti ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò sílẹ̀.

"Màmá, oòrùn ti mú," ọmọ rẹ̀ ní. "Ẹnikẹ́ni ò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́."

"Dírẹ́bà, bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn, kí eruku má bo ẹrù wa."

Ó tẹ kẹ̀kẹ́, ó ń gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wọn kò tíì gùn ún dé ìdajì tó fi gbọ́ èémí kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ èémí náà dáadáa: ti ẹni tó tètè fi gbogbo agbára tì kí àkókò tó tó. Ọmọ rẹ̀ ni. Ó ti fi tagbáratagbára sáré sún mọ́ ìyá rẹ̀ kó lè máa ṣọ́ ọ, òkè sì ti gba gbogbo okun rẹ̀.

Màmá kò bojú wẹ̀yìn. Ó dẹ ẹsẹ̀, gbogbo ìlà sì bá a dẹ ẹsẹ̀.

"Má tì í mọ́," ó sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́ nínú yàrá ìrọbí. "Òkè ò ní sá lọ. Mí sínú. Jẹ́ kó jáde. Ó yá, díẹ̀. Díẹ̀ sí i."

"Màmá, mi ò lè ṣe é mọ́."

"Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Mí sínú."

"Ṣé ọkùnrin lè bá wọn mí in?" Ìjì béèrè láti ẹ̀yìn. Ohùn tirẹ̀ náà ti ń já.

"Mí in, bàbá. Ọ̀fẹ́ ni."

Kò pẹ́ tí gbogbo ìlà fi ń mí pa pọ̀ sí ohùn rẹ̀, títí òjìji ẹnubodè fi bò wọ́n mọ́lẹ̀. Mọ́tò gòkè dé lẹ́yìn wọn. Yàtọ̀ sí dírẹ́bà, ẹrù nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè gbé omi jáde, ó sì kọjú sí Ìjì, nítorí pé òun ló ga jù.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà, sà. Ṣé ẹ̀yin ni olórí wọn?"

Ìjì kò tíì ya ẹnu tí ọmọ Màmá fi dá a lóhùn: "Rárá o. Màmá mi ni."

Ó wá yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ bá mi di kẹ̀kẹ́ mi mú. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n."

Agbẹ̀bí gbà á. Ó di kẹ̀kẹ́ méjèèjì mú, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ó sì dúró gbọin nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń mumi.