Ọ̀gá Àlímì Tó Sọ Àsíá Di Pupa

Orí kunkun Ọ̀gá Àlímì ló sọ àsíá Nàìjíríà di pupa ní Wuse lọ́dún 2014. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ló ní kó yí gbogbo àwọ̀ ewé tó wà lára kàlẹ́ńdà àwọn sí pupa. Ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀, ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà lásán ni kọ̀ǹpútà fi ń pa àwòrán mọ́. Téèyàn bá ṣí fáìlì àwòrán kan, á kà á bíi lẹ́tà. Lydia tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi ọjọ́ mẹ́ta kọ ọgọ́ta ìlà àṣẹ tí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé. Ọ̀gá wò ó, ó pòṣé.

"Ọgọ́ta ìlà? Ṣé òfin ìjọba lò ń kọ ni?"

"Ọ̀gá, ó nídìí tó fi gùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ó pa mọ́kàndínlọ́gọ́ta rẹ́! Ìlà kan ló kù: ibi gbogbo tí àwọ̀ ewé bá wà, kó di pupa. Àwọn ìlà tó ní kí kọ̀ǹpútà fi àsíá Nàìjíríà tó wà lórí kàlẹ́ńdà sílẹ̀ ti bá ìyókù lọ. Wọ́n tẹ irinwó kàlẹ́ńdà.

Alága ẹgbẹ́ rí àsíá pupa, ó figbe ta. "Kai! Orílẹ̀-èdè wo lẹ kó wa lọ yìí?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká yí gbogbo rẹ̀," ni Ọ̀gá Àlímì dáhùn.

Inú bí Lydia gan-an. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ọkùnrin yìí: "Lydia, ìwọ lo mọ̀ ọ́n." Ọ̀gá ní kó tún un tẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò sóhun tí Ọ̀gá kì í gé kúrú. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ bàtà yín síta," tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, ó gé e di "Bàtà." Oníbàárà kan wá láti Gwarinpa, ó ní nọ́ńbà ogójì lòun ń wọ̀. Lydia ṣépè, ó tún bú sẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́rin ni Lydia fi dúró de "ìwọ lo mọ̀ ọ́n" yẹn. Ní 2018, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé Ọ̀gá lọ láìsọ ọ́. Ó dun Lydia wọra. Ìwà wo nìyẹn?

Níbi àdúrà fídáù, Sàlímọ́tù, ìyàwó olóògbé, di ọwọ́ Lydia mú.

"Ṣé ìwọ ni Lydia? Ojoojúmọ́ ló ń sọ̀rọ̀ ẹ. Ó ní ìwọ lo mọ iṣẹ́ náà, ariwo lásán lòun ń pa."

"Mọ́mì, kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù ń bà á. Ó ní tó o bá gbọ́, wàá lọ dá ṣọ́ọ̀bù tìẹ sílẹ̀."

"Àgbàyà!" Ó ti jáde lẹ́nu Lydia kó tó rántí pé ààfáà wà níbẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó sì bú sẹ́kún.

Sàlímọ́tù rẹ́rìn-ín, ó nu ojú ara rẹ̀. "Òun gan-an ni," ó ní. "Àgbàyà mi ni."