Òkun Inú Àpótí Bàbá Alfa

Kò sí òkun ní Ìlọrin. Odò Asá la ní, òun náà kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi yangàn. Síbẹ̀, òkun ni Ummu-Kulthum, àbúrò mi, ń ṣe ìwádìí lé lórí ní yunifásítì, mo sì ti bá a jà lórí ẹ̀ títí ó fi sú mi.

Lọ́jọ́ kan ó rọ omi àti òróró sínú ìgò, ó rọra fì í. Ojú òróró ò fi bẹ́ẹ̀ mì, ṣùgbọ́n ibi tí òróró ti pàdé omi ń lọ sókè sódò.

"Ẹ̀gbọ́n Haneef, ṣé ẹ rí i? Nínú òkun, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló wà lókè, omi tútù wà nísàlẹ̀. Ìgbì ńlá ń lọ láàárín wọn, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lókè ò sì ní mọ̀."

Ohùn ni wọ́n fi ń rí i. Ọkọ̀ àwọn tó ń wá epo rọ̀bì máa ń yin afẹ́fẹ́ sínú omi, ariwo rẹ̀ á lọ kan ilẹ̀ ìsàlẹ̀, á ta padà, wáyà gígùn tí ọkọ̀ ń wọ́ lẹ́yìn á sì gbọ́ ọ. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ ohun tí wáyà gbọ́ di àwòrán. Ibi tí omi méjèèjì ti pàdé náà máa ń dá ohùn padà díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló kan elépo kan omi? Ilẹ̀ ló ń wá. Wọ́n máa ń gé apá omi kúrò nínú àwòrán bí ẹni ń bẹ èèpo iṣu. Èèpo yẹn gan-an ni àbúrò mi ń wá.

Ilé-iṣẹ́ elépo kan yá a ní ohùn tí wọn ò tíì gé. Ummu dà á sínú kọ̀ǹpútà ẹ̀ka wọn ní yunifásítì, ó dá ti ilé-iṣẹ́ náà padà. Nílé wa, a kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá láìjẹ́ pé Bàbá Alfa, bàbá tó bí bàbá wa, ṣàdúà sí irinṣẹ́ rẹ̀. Máṣínnì ìránṣọ mi dé ibẹ̀. Nígbà tí Ummu ò lè ru kọ̀ǹpútà yunifásítì lọ, ó da ẹ̀dà kan sínú háàdì dísìkì kékeré, ó fi láílọ́ọ̀nù dúdú wé e kí àwọn ojúgbà rẹ̀ má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá gbà á, ó ní òun á ṣàdúà sí i, ó tì í mọ́ inú àpótí.

"Ìgbà tíṣẹ́ bá parí lo ó wá gbà á."

Ummu gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀.

Àfi bó ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Táíwò Road pẹ̀lú ẹkún. Abdulmateen tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn, ọmọlúàbí èèyàn, ti bá a tún iṣẹ́ náà ṣe bó ṣe ń ṣe é fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa epo. Ó gé omi dànù. Ilé-iṣẹ́ tó yá a lóhùn sì ti kógbá wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ mi ti parun! Omi yẹn ni gbogbo ẹ̀!"

"Èyí tó wà lọ́dọ̀ Bàbá ńkọ́?"

Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ là, ó tún fọwọ́ lérí. "Hàǹtú!"

Bàbá kì í ṣàdúà sí nǹkan kó má wọ́n hàǹtú sí i, omi tó fi fọ àdúà tó kọ sójú wàláà, pátákó ìkọ̀wé àwọn alfa. Èyí tó wọ́n sí máṣínnì mi, ó mú un dípẹtà. Dísìkì wo ni yóò yè é?

A wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé Bàbá ní Ọjà Tuntun. Bàbá ń fi sùúrù wá kọ́kọ́rọ́, sùúrù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ó yọ láílọ́ọ̀nù náà jáde. Ó gbẹ.

"Bàbá, ẹ ò wọ́n hàǹtú sí i?" Ummu bi í.

Bàbá wò ó bí ẹni tó bi í ní ìbéèrè òmùgọ̀. "Ṣebí ìwọ lo sọ pé òkun ló wà nínú ẹ̀. Kí lòkun fẹ́ fi omi ṣe?"

Ummu ki dísìkì bọ láptọ́ọ̀pù lórí ẹní níbẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àwòrán tó ṣí. Omi rẹ̀ pé, ìgbì ń ru lábẹ́ òkun tó pa rọ́rọ́. Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń wí pé "Alhamdulillahi." Ara tù mí débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìtẹ́ nǹkan kan. Ẹni tó da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀.

"Ṣé iṣẹ́ ti wá parí ni?" Bàbá bi í.

"Ó tì o, Bàbá. Ó kù."

"Dá a padà, jàre."

Ummu da ẹ̀dà tirẹ̀ kọ sínú láptọ́ọ̀pù. Ó ju láílọ́ọ̀nù dúdú nù, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé dísìkì padà sínú àpótí.