Ìdì Ẹ̀fọ́ Mẹ́ta Tí Mo Gbé Lọ sí Ọ̀yẹ́

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Ìkọ̀lé, ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, mò ń já tẹ̀tẹ̀. Mo fẹ́ lọ gba èsì àyẹ̀wò ilẹ̀ ọgbà mi ní yunifásítì tó wà ní Ọ̀yẹ́, n kò sì lè lọ bá ẹni tó ń ṣe mí lóore lọ́wọ́ òfo. Ewé tó fẹ̀ jù ni mo ṣà, mo dì í ní ìdì mẹ́ta.

Orí ilẹ̀ yẹn ni ọkọ mi olóògbé ti tún bátìrì mọ́tò ṣe fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ó ń fọ́ èyí tó ti kú, ó ń yọ òjé inú wọn, ó sì ń da omi wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn tó lọ, mo ru ilẹ̀ àkìtàn dà sí i bí ìyá mi ti máa ń ṣe, mo gbin ẹ̀fọ́. Ó yọ débi pé àwọn aládùúgbò ń bi mí pé àdúrà wo ni mo gbà sí i. Bọ́lá, ọmọ mi tó lóyún oṣù márùn-ún, kì í jẹ ẹ̀fọ́ ibòmíràn. Nítorí oyún náà ni mo ṣe rántí omi bátìrì yẹn, tí mo sì bu erùpẹ̀ ibẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò.

Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni takisí gbà. Mẹ́rin ni wọ́n kó wa sẹ́yìn. Láti Ìlúpéjú lọ, kòtò ojú ọ̀nà jẹ́ kí a mọ èjìká ara wa dáadáa.

Obìnrin tó yẹ ilẹ̀ náà wò kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. "Mà, lẹ́ẹ̀dì pọ̀ gan-an nínú ilẹ̀ yín." Lẹ́ẹ̀dì ni òjé, ọkọ mi kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

"Màá fi omi iyọ̀ fọ ẹ̀fọ́ náà dáadáa."

"Eruku nìkan nìyẹn máa mú kúrò, mà. Gbòǹgbò ló fà á, inú ewé ló wà."

"Ṣùgbọ́n ó ń yọ dáadáa."

"Ó lè máa yọ dáadáa. Ọpọlọ ọmọ inú ló lè bà jẹ́. Kí ọmọ yín má jẹ ẹ́ mọ́, kó sì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò."

"Kí ni kí n wá gbìn síbẹ̀?"

"Òdòdó."

Mo dúpẹ́, mo gbé ìdì mẹ́ta náà sórí tábìlì rẹ̀ kí n tó rántí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Àwa méjèèjì wò ó. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni: ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì bẹ̀ mí kí n gbé e padà.

Ní gáréèjì, mo bi olóúnjẹ kan pé níbo ni wọ́n ti já ẹ̀fọ́ inú ọbẹ̀ rẹ̀.

"Màámi, ṣé ẹ fẹ́ fi ẹ̀fọ́ ṣaya ni, tí ẹ ń wádìí ìdílé ẹ̀?"

Bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà ni mo rà.

Awakọ̀ tó gbé mi padà kò gbé ojú kúrò lára ìdì náà. "Ìyá, ẹ tà á fún mi."

"Kì í ṣe títà."

"Ẹ fún mi ní ìdì kan ṣoṣo, kí n fi múnú ìyàwó mi dùn."

"Rárá."

"Háà! Torí ewé? Ọlọ́run má fi yín ṣe àna mi!"

Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń ta ẹ̀fọ́ yìí, mo sì ń fi èènì sí i, gbogbo ènìyàn ń súre fún mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe ẹnìkan lóore ni wọ́n pè mí ní ahun. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ lọ́nà Ọ̀yẹ́ nìyẹn.

Mo dé ilé ní aago mẹ́rin, mo gbé ọkọ́. Mo ti tu ọgbà náà dé ìdajì nígbà tí Bọ́lá wọlé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó ń wo gbòǹgbò tó wà nílẹ̀.

"Màámi, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ni mo ti ń bọ̀ yìí. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ara mi tó kéré lóṣù tó kọjá ti pọ̀ sí i, pé kí n tẹra mọ́ ẹ̀fọ́ tí mò ń jẹ. Ó ní kí ẹ bá òun náà já díẹ̀."