Orúnkún Tí Kò Kanlẹ̀

Títí di òní, tí mo bá ti gbóòórùn ìpara tí wọ́n fi ń dán ilẹ̀ onípákó, èyí tó máa ń rùn bí ọsàn wẹ́wẹ́, orúnkún mi a bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni mò ń sọ. Ilé ìyá àgbà kan ní Fairburn, lẹ́bàá Atlanta, ni mo ti kọ́kọ́ gbóòórùn yẹn, ilé kékeré kan lẹ́yìn ojú irin, tí wọ́n ti kọ́ tipẹ́ kí àwọn ilé ìkẹ́rùsí ràgàjì-ràgàjì tó dé, kí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó sọ gbogbo títì di tiwọn. Ilẹ̀ pálọ̀ ìyá náà dán débi pé o lè rí iná àjà nínú rẹ̀. Mọ́ọ̀pù onígi gígùn ni wọ́n fi máa ń nù ún láràárọ̀. Mi ò rí i rí kí wọ́n kúnlẹ̀ nù ún, mi ò sì ronú pé ó ní ìdí kankan.

Ìyá àgbà yìí ló tọ́ ọ̀rẹ́ mi dàgbà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí èmi àti màmá mi kúrò ní Ìbàdàn wá sí Atlanta, ọ̀rẹ́ mi yìí sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé láì béèrè bóyá inú igbó là ń sùn. Dúdú Amẹ́ríkà ni, láti ìran dé ìran. Ẹlẹ́rìn-ín ni, aláwàdà ni, ó sì máa ń wo ènìyàn tààrà tó bá ń sọ̀rọ̀, bíi pé ó fẹ́ ka nǹkan tí wọ́n kọ sí ọ níwájú orí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, a ti wà ní ọdún tó kẹ́yìn nílé-ìwé girama, a sì ti fẹnu kò pé yàrá kan náà la máa gbé ní yunifásítì. A ti ń jà lórí kọ́tìnì pàápàá. Aláwọ̀ àlùkò ló fẹ́, aláwọ̀ ewé ni mo fẹ́.

Ọjọ́ Sátidé kan ló wá kí mi nílé. Màmá mi wà ní kíṣìnnì, wọ́n ń di oúnjẹ tí wọ́n máa gbé lọ sẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wọn. Ọ̀rẹ́ mi wọlé, ó dúró ṣánṣán, ó wo màmá mi lójú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì na ọwọ́ sí wọn láti bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. O ṣáà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nílé wa: ọmọdé kì í kọ́kọ́ nawọ́ sí àgbà. Màmá mi fi orí ìka méjì kàn án lọ́wọ́. A ò tíì jókòó tán ní pálọ̀ tí mo fi gbọ́ tí wọ́n ń bá àbúrò wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Akátá yìí tún ti dé o. Ó dúró gbagidi, ó ń wò mí lójú kòrókòró, ó tún wá na ọwọ́ sí mi bí ẹgbẹ́ ẹ̀. No home training at all!"

Akátá ni ọ̀rọ̀ tí àwọn tiwa máa ń lò fún dúdú Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n bá rò pé ẹni náà ò gbọ́. Wọ́n ní ẹranko igbó kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ nínú mọ́tò, mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn ìsìn, nídìí jọlọ́ọ̀fù ọjọ́ ìbí, débi pé etí mi ti kú sí i. Lọ́jọ́ yẹn, etí mi jí. Mo yíjú wo ọ̀rẹ́ mi, fóònù ẹ̀ ló ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan. Mo dúpẹ́ lọ́kàn mi pé kò gbọ́ Yorùbá.

Olùdámọ̀ràn ilé-ìwé wa, obìnrin dúdú kan tó máa ń bọ́ bàtà kó tó jókòó, máa ń pe àwa ọmọbìnrin dúdú jọ sí láíbìrì lẹ́yìn ìwé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ká lè sọ ohun tó wà lọ́kàn wa. Nínú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé Sátidé yẹn, ó bi wá pé, "Kí ni wọ́n ti ń pè yín kí wọ́n tó mọ orúkọ yín?" Ọ̀kan nínú wa ní, "Wọ́n ní aláriwo ni mí. Èmi tí mi ò tíì lanu láti àárọ̀!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Òmíràn, tó ga bí igi àgbọn, sọ pé lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì ìṣirò àwọn olórí pípé, olùkọ́ rọra béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ bóyá ó ṣìnà ni. Ìyẹn ò pa wá lẹ́rìn-ín. Èmi sọ ti kìnnìún àti ilé orí igi tí wọ́n fi máa ń bú mi. Ó wá kan ọ̀rẹ́ mi.

"Akátá," ló wí. Ó pè é dáadáa, bí ọmọ bíbí Ìbàdàn. "Ọmọ Nàìjíríà kan ló ti sọ ìtumọ̀ ẹ̀ fún mi tipẹ́. Ilé tí mo ti ń jẹun ni wọ́n ti pè mí bẹ́ẹ̀."

Kò sọ ilé ta ni. Kò sì wojú mi, òun tó máa ń wo gbogbo ayé lójú. Ìyẹn ló dùn mí jù. Nígbà tí a jáde, mo sáré tẹ̀ lé e, ó sì yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Ẹ̀yin ará Áfíríkà rò pé ẹ sàn jù wá lọ," ló wí. "Wá ẹlòmíràn tí ẹ máa jọ gbé yàrá." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, mi ò lè jókòó sójú kan. Tí mo bá ṣí ìwé, màá pa á dé. Tí mo bá dùbúlẹ̀, màá dìde, màá lọ ṣí fíríìjì tí mi ò fẹ́ mú nǹkan kan níbẹ̀. Mo sọ fún màmá mi pé ọmọ náà gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ojú wọn yí padà díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò gbà.

"Ṣé mo purọ́ ni? Wò ó, nígbà tí police bá dá yín dúró lójú ọ̀nà, ṣé wọ́n máa béèrè ẹni tó wá láti Ìbàdàn? Ìwà ẹ nìkan lo ní tó máa yà ẹ́ sọ́tọ̀. That's why I'm hard on you. Jọ̀ọ́, mo ti ń late fún shift."

Bí wọ́n ṣe jáde ni mo lóye pé ẹ̀rù ló ń ba màmá mi. Ẹ̀rù ni gbogbo ìgbéraga yẹn. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀rù ẹlòmíràn ṣe, nígbà tí ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní ń lọ?

Nílé wa, tí ẹnì kan bá ṣẹ ọmọ ọlọ́mọ, ẹni tó tọ́ ọmọ náà la máa ń lọ bẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe gbéra lọ́jọ́ Sátidé, mo fẹsẹ̀ rìn gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ilé ìkẹ́rùsí kọjá, eruku ọkọ̀ akẹ́rù bò mí lójú, mo sọdá ojú irin, mo kan ilẹ̀kùn. Ọ̀rẹ́ mi ló ṣí i. Ó padà lọ jókòó. Ìyá àgbà ti kíṣìnnì jáde, wọ́n ń nu ọwọ́, òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn gba gbogbo ilé. Bí mo ṣe rí wọn báyìí, orúnkún mi méjèèjì balẹ̀ gbì. Mo ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, kí wọ́n forí ji màmá mi.

"Dìde!" ni wọ́n kígbe. "Dìde kúrò nílẹ̀ ilé mi!"

Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyẹn. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: tí o bá ń bẹ àgbà, tó sì ní kí o dìde, o ò gbọdọ̀ tètè dìde. Ó ń dán ọ wò ni. Ńṣe lo máa tún lẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń pariwo dìde ni mò ń tẹ̀ síwájú lórí orúnkún, títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di etí gáùn wọn mú. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i pé omi ń bọ́ lójú wọn. Ọ̀rẹ́ mi ló fà mí dìde tipátipá. "O ń pa ìyá àgbà mi lára!" ló ń wí. "Ṣé o ò rí wọn ni?"

Ìyá àgbà jókòó, wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé orúnkún ni ìyá tó bí àwọn fi nu ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun, títí eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú, tí kò lè nà án mọ́. Lọ́jọ́ tí ìyá yẹn ra ilé kékeré yìí, ó ní kò sẹ́ni tó tún máa kúnlẹ̀ fún ènìyàn nínú rẹ̀. Mo dúró bí ẹni tí òjò pa. Àwọn baba wa kúkú ti sọ ọ́ pé bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ẹnu lásán ni mo ti ń fi pa á tẹ́lẹ̀.

Ẹnu rẹ̀ la wà tí ilẹ̀kùn fi dún. Màmá mi ni, nínú aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Fóònù mi ni wọ́n fi mọ ibi tí mo wà. Wọ́n rí ojú mi tí ẹkún mú wú, wọ́n sì ti di ètè pọ̀ fún ìjà. "Ta ló fọwọ́ kàn ẹ́?" Ìyá àgbà dìde, wọ́n bọ́ síwájú màmá mi. "Ìwọ lo kọ́ ọmọ yìí pé kó máa kúnlẹ̀ fún ènìyàn?"

Mo ń wo màmá mi. Mo mọ èsì tó wà lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n orí ìyá àgbà tó funfun báláú ló kọ́kọ́ kọlu ojú wọn, kí ìbínú tó ráyè sọ̀rọ̀, orúnkún wọn ti ń tẹ̀. "Good evening, mà." Ìyá àgbà sáré ju ọjọ́ orí wọn lọ, wọ́n gbá màmá mi mú ní ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì, wọn ò jẹ́ kí orúnkún náà kanlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà, ọ̀kan kò dìde tán, èkejì kò fi í sílẹ̀.

"Respect ni, mà," ni màmá mi wí. "Ẹni tá a bá bọ̀wọ̀ fún là ń kúnlẹ̀ fún ní ìlú wa."

"Nínú ilé tèmi, ẹni tá a bá bọ̀wọ̀ fún là ń wò lójú," ni ìyá àgbà dáhùn. "Mo kọ́ ọmọ mi kó máa wo gbogbo ènìyàn lójú, kó sì máa nawọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ó ń fi nǹkan pamọ́."

Màmá mi yíjú sí ọ̀rẹ́ mi. Lẹ́yìn náà wọ́n wò ó lójú, wọ́n ní, "Má bínú. Ohun tí mo pè ọ́, kò yẹ kí n pe ọmọ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀." N kò gbọ́ kí àgbà bẹ ọmọdé rí láyé mi. Ọ̀rẹ́ mi ò sunkún, kò sì dì mọ́ ẹnikẹ́ni. "Okay," ló wí. Ó pẹ́ gan-an kó tó tún bá mi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọ yunifásítì, yàrá kan náà la gbé. Kọ́tìnì aláwọ̀ àlùkò la ta sí fèrèsé, mi ò janpata.

Ìyá àgbà ti lọ báyìí, orúnkún màmá mi náà kò sì lágbára mọ́. Tí ọ̀rẹ́ mi bá wá kí wọn, á tẹ orúnkún díẹ̀, ojú ẹ̀ á sì wà lójú wọn. Màmá mi á gbá a mú ní ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì kó tó kanlẹ̀. Ara mi ò tíì balẹ̀ nílùú yìí, èmi ò ní tàn ọ́. Ní ibi iṣẹ́, wọ́n ṣì ń bi mí bóyá ọmọ Áfíríkà ni mí tàbí dúdú Amẹ́ríkà, wọ́n á wá dúró de èsì. Tẹ́lẹ̀, ọ̀kan ni mo máa ń yára mú nínú méjèèjì, inú mi á sì bàjẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní báyìí, mo máa ń wò wọ́n lójú tààrà, bí ìyá àgbà ṣe fẹ́, orúnkún mi á sì rọra tẹ̀ bí màmá mi ṣe kọ́ mi, lábẹ́ tábìlì, níbi tí wọn ò ti lè rí i.