Ẹrẹ̀ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Fi Sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti gbọ́n omi adágún ẹja rẹ̀ gbẹ, lẹ́yìn tó ta ẹja àkọ́kọ́ tán. Ẹ̀yìn Ṣakí ni adágún náà wà, nísàlẹ̀ oko ẹ̀gẹ́ kan. Ẹrẹ̀ inú rẹ̀ dúdú bí èédú, ó ń dán. Ẹ̀gbọ́n mi fi igi rò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wo ilẹ̀! Bí a bá kọ ebè síbí, ẹnì kan kò ní lè dá iṣu rẹ̀ gbé. Ìwọ tó ti òkun dé, ṣé ká kó o ni àbí ká fi sílẹ̀?"

Mo mọ èsì. Ilé-ìwé girama ni mo parí, n kò lọ jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún púpọ̀ ni mo fi bá àwọn olùwádìí ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Èmi ni mo ń fa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun sókè nínú ọ̀pá tó mọ́ gaara, pẹ̀lú omi òkun lórí rẹ̀, tí mo sì ń bu omi náà díẹ̀díẹ̀ fún wọn láti yẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹrẹ̀ kì í sùn. Ohun gbogbo tó kú tó rì sínú òkun ló ń jẹrà síbẹ̀. Ẹrẹ̀ á tú amóníà, èròjà kan tó ń rùn bí ìtọ̀, sínú omi; omi náà á dá ohun mìíràn tí wọ́n ń pè ní náítíréètì padà fún ẹrẹ̀. Ẹbí kan náà ni wọ́n pẹ̀lú ajílẹ̀ funfun tí à ń bù sídìí àgbàdo. Òkun fẹ̀, ó lè gba ohun tí ẹrẹ̀ bá tú sínú rẹ̀. Adágún tí a fi ọkọ́ gbẹ́ kò lè gbà á; á pa ẹja inú rẹ̀. Ó yẹ ká kó ẹrẹ̀ yẹn jáde, kí oòrùn pa ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ká tó da ẹja mìíràn sí i.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò wọ inú rẹ̀? Èmi ni. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wa dojú dé, mo lúwẹ̀ẹ́ dé etí ilẹ̀, ẹrẹ̀ sì gbá mi mú dé itan. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo ń gbọ́ ohùn àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́. Láti ìgbà náà, bí ẹsẹ̀ mi bá kan ẹrẹ̀ tó rọ̀, èémí mi á há. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń sá fún ẹrẹ̀!

"Ẹ fi sílẹ̀," ni mo wí. "Ẹja fẹ́ ilẹ̀ ọlọ́ràá."

Ó gbà mí gbọ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà bá ohun tó mọ̀ nípa iṣu mu.

Kò pé oṣù méjì tó da ẹja mìíràn sí i, a débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, a bá òkú ẹja tó léfòó, ikùn wọn funfun lókè. Èyí tó ṣẹ́ kù ń la ẹnu lójú omi. Omi náà ń rùn bí ìtọ̀ tó ti pẹ́. Mo dá òórùn náà mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ká ọwọ́ lérí. Opó ni, adágún yẹn ló fi ń gbọ́ bùkátà. Ó gbójú sókè, ó rí oko ẹ̀gẹ́ aládùúgbò wa, tó fín oògùn apakoríko ní ìjẹta.

"Ó ti pa mí! Ọkùnrin yìí ti fọ agolo oògùn rẹ̀ sómi mi!"

Mo dákẹ́.

Àwọn àgbà àdúgbò pe ọkùnrin náà. Ó kọ́kọ́ fi ṣe àwàdà. "Ìyá wa, bí mo bá fẹ́ pa ẹja yín, ṣebí ata àti epo ni n bá gbé dání?" Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ó dáa. Ẹ gbé irin wá."

Wọ́n gbé àdá kalẹ̀. Ó fi ahọ́n kàn án, ó ní bí òun bá da ohunkóhun sínú omi náà, kí Ògún mú òun. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni mo jókòó sí, ilẹ̀ ni mo ń wò. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti bọ́ nìyẹn.

Kò bọ́. Bí ènìyàn bá ti búra, àwọn kan á máa dúró wo bóyá irin yóò jà. Wọn kò dáhùn ìkíni rẹ̀ dáadáa mọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, mo pàdé ìyàwó rẹ̀ tó ń ti ọjà bọ̀. Gàrí kún abọ́ orí rẹ̀ bó ṣe gbé e lọ. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní àwọn kò lè jẹ gàrí ilé tí wọ́n ti ń da oògùn sómi.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, mo jẹ́wọ́. Kò pariwo.

"Níwájú àwọn tó gbọ́ ìbúra ni wàá ti sọ ọ́. Dìde."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ níwájú àwọn àgbà àti aládùúgbò wa, títí kan ẹ̀rù mi. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ dópin.

"Àbúrò, ṣé o mọ̀ kí n tó fi ahọ́n kan irin?"

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹrẹ̀ bà ọ́ lẹ́rù. Ẹ̀rù Ògún kò bà ọ́ nítorí tèmi."

Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ti ń rí gàrí tà padà. Èmi náà ti lọ bẹ ọkùnrin náà nílé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ń fún mi ní àga, ó ń fún mi lómi mu. "Mo ti gbọ́," ló máa ń wí. Kò tíì sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì tó ẹni tó lè ní kó sọ ọ́.