Ẹ Lọ Bi Ìyàwó Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ṣábẹ, apanilẹ́rìn-ín kan wà lórí rédíò tí bàbá mi fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló máa ń sọ̀rọ̀. A ó gbé rédíò lọ sórí àpáta lẹ́yìn ilé, torí ibẹ̀ nìkan ni ohùn rẹ̀ ti ń já geere. Á rojọ́ àwọn àna rẹ̀, á rojọ́ ewúrẹ́ rẹ̀, a ó rẹ́rìn-ín títí. Tó bá tó àkókò àtilọ, á kígbe pé: "Ó parí! Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ bi ìyàwó mi!"

Bàbá mi sọ gbólóhùn yìí di tiwọn. Wọ́n fi parí ìjà ààlà oko kajú. Wọ́n fi parí àdúrà ìdílé lọ́jọ́ kan, gbogbo wa sì ṣe àmín. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn èèyàn ń wá bi ìyá mi lóòótọ́. Ẹnì kan wá láti Òkpárá, ó ní kí wọ́n sọ igi tó jẹ́ ààlà fún òun.

Ìyá mi ń ro ẹ̀kọ lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Igi wo?"

Ọjọ́ tí àwọn àna ń bọ̀ láti Sakin wá tọrọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ìyá mi pe bàbá mi sí kọ̀rọ̀. "Baba àwọn ọmọ, tí ẹ bá sọ ọ̀rọ̀ rédíò yẹn lónìí, màá dáhùn o."

Bàbá mi búra pé àwọn ò ní sọ ọ́.

Bàbá mi sọ̀rọ̀ dáadáa lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n dé ìparí, mo rí i tí wọ́n pa ẹnu dé, tí òógùn bò wọ́n, wọ́n sì jókòó. A mí kanlẹ̀. Àfi bí bàbá arúgbó kan láàárín àwọn àna ṣe rọra béèrè pé, "Ṣé ó parí?"

Bàbá mi fò dìde. "Ó parí! Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ bi ìyàwó mi!"

Ìyá mi tún ìró ró, wọ́n lọ dúró níwájú àwọn àna. "Èmi ni ìyàwó náà. Ẹ bi mí."

Ìyá ọkọ ìyàwó wò wọ́n díẹ̀. "Ṣé ọmọ yín mọ iyán gún?"

"Rárá o. Bí mo bá ti pè é sídìí odó, bàbá rẹ̀ á ní kó wá gbọ́ rédíò."

Bàbá arúgbó yẹn bú sẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi já bọ́. "Èmi náà ń gbọ́ ọkùnrin yẹn ní Sakin! Mo mọ̀ọ́mọ̀ béèrè ni!"

Ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, èmi mọ̀ ọ́n gún."

Ìyá mi ní kó dìde, wọ́n na ọwọ́ sí odó. Ó bọ́ agbádá, ó gún iyán lójú gbogbo wa, òógùn ń bọ́ lára rẹ̀. Ìyá mi tọ́ ọ wò, wọ́n ní kókó wà níbẹ̀ díẹ̀, àmọ́ wọ́n jẹ òkèlè mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó ń jẹ tirẹ̀, kò tijú ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà náà, bàbá mi kì í sí nílé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú mọ́. Wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ bàbá arúgbó náà ní Sakin. Bí wọ́n bá padà dé nírọ̀lẹ́, ẹ̀rín á ti gba ohùn lọ́wọ́ wọn.