Ọfà Tó Kọjú sí Ilé Àdín Mi

Sísì ni àgbébọ̀ adìẹ kan l'Ọ́jà'ba nígbà náà, ẹni tó bá sì lẹ́nu bíi tèmi á ná an wálẹ̀ sí tọ́rọ́ àti kọ́bọ̀ méjì. Mo rántí nítorí ọdún yẹn ni òyìnbó kan gbé ẹ̀rọ tó ń ya kóró òwú wá sẹ́yìn ilé wa ní Bẹyẹrúnkà. Ìkòkò irin ńlá kan ló ń se omi tó ń ti ẹ̀rọ náà, ooru omi tó bá ṣẹ́kù a sì máa fẹ́ dànù. Èmi tí mo ń se àdín tà, tí owó igi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di ẹrú àwọn aṣẹ́gità, mo ní kó tà mí lára ooru náà. Ó gbà. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè máa fojú wọn ooru bí ẹni ń wọn gàrí. Mítà gbọ́dọ̀ wà lára páìpù tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, kó máa ka ohun tó bá kọjá. Bí mítà ò bá kà dáadáa kí oṣù tó parí, òun á gé ooru, kí n padà sídìí igi mi.

Àbúrò ọkọ mi, alágbẹ̀dẹ, ló ní òun á so ó. Wọ́n ti bí i kí n tó wọlé, nítorí náà ọkọ ni mò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú rẹ̀ ni mo lè fi pàṣán nà. Akọ̀wé òyìnbó, onígbàgbọ́ kan láti Kúdẹtì, fi ọfà kan tí wọ́n yà sára mítà hàn án: ibi tí ooru ń lọ ni ẹnu ọfà gbọ́dọ̀ kọjú sí, ìyẹn ilé àdín mi. Ojú ọkọ mi pọ́n. Ọmọ ilé jagunjagun ni.

"Ìyàwó ilé wa lẹ fẹ́ kí n na ọfà sí? Ìkòkò òyìnbó ni yóò kọjú sí."

"Àmì lásán ni, ọ̀gbẹ́ni. Irin ò mọ ogun."

"Irin ò mọ ogun? Kí ni bàbá mi fi jà, ẹ̀bà?"

Bí akọ̀wé ṣe nawọ́ láti yí mítà padà, ọmọ owú tí ọkọ mi fi ń lu irin bá a lẹ́nu. Eyín iwájú kan bọ́ sínú iyanrìn. Akọ̀wé bù ú jẹ léjìká, wọ́n ń yí nílẹ̀, èmi sì da omi ìfọ̀kòkò lé wọn lórí bí ẹni ń tú ajá méjì ká. Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ ọfà náà dùn mọ́ mi. Ta ni ò fẹ́ kí wọ́n gbèjà òun?

Ọkọ mi wá kọ ẹnu ọfà sẹ́yìn. Ibi tí páìpù ti ṣẹ́ kọ́nà gan-an ló so mítà mọ́, torí ibẹ̀ ni igi àjà wà. Ìyókù páìpù rọ̀ sílẹ̀ bí ikùn ewúrẹ́ olóyún, ooru tó tutù sì di omi dúró síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí wọ́n ṣí ooru pátápátá lẹ́ẹ̀kan náà. Ooru gbá omi náà síwájú bí òkúta, ó dún bí àgbá. Mítà là sí méjì, kọ́nà páìpù já, ó lu ògiri jáde, ajá aládùúgbò tó sùn lẹ́yìn rẹ̀ ò jí mọ́. Awọ àyà ọkọ mi bó bí èèpo iṣu sísè.

Òyìnbó mú mítà mìíràn wá, ó ní òun ò ní òmíràn mọ́. Akọ̀wé padà wá pẹ̀lú àlàfo ẹnu rẹ̀. Ó fún mítà ní páìpù gbọọrọ tó tọ́ tààrà níwájú àti lẹ́yìn, kí ooru ti parí ìjà ọ̀nà kó tó dé ibẹ̀. Ó dẹ páìpù sílẹ̀ níbì kan, ó ṣe ihò ìdaminù síbẹ̀. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa ṣí ooru. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Ọfà ló kù. Ọkọ mi tó wà lórí ẹní, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ láyà, ní ẹni tó bá kọ ọfà sí ìyàwó òun, òun á dìde pa á. Mo kúnlẹ̀ tì í.

"Ọkọ mi, ẹ dákun, ọfà tó wà nínú apó, ṣé ó lè pa èèyàn?"

Ó ní rárá.

Mo rán apó awọ fún mítà, ọfà kọjú sí ilé àdín mi nínú rẹ̀, mo yọ ojú gíláàsì rẹ̀ síta. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí afẹ́fẹ́ fi ń fẹ́ jáde níbi eyín tó bọ́. Ooru wọlé jẹ́jẹ́, mítà kà, àdín hó.

Akọ̀wé àti ọkọ mi, àwọn méjèèjì ti kú báyìí. Títí ọkọ mi fi lọ, kò gbà pé òun ṣàṣìṣe. Ó ní bí kì í bá ṣe apó, ogun ì bá ti wọlé tọ̀ mí. Mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni. Lóṣù tí a so mítà náà, lẹ́yìn owó ooru, owó mítà tó fọ́, owó ajá, àti owó eyín tí àwọn ará Kúdẹtì wá gbà, èrè tó kù sí mi lọ́wọ́ jẹ́ ṣílè mẹ́rin àti kọ́bọ̀ kan.